Káàdì Bíìtì 8 àti Bíìtì 16 Nínú Ẹ̀rọ Kan: Bí Ẹ Ṣe Máa Tò Wọ́n Lórí ISA Kí Mẹ́mórì Wọn Má Dàrú

Káàdì VGA, ìyẹn káàdì àwòrán, ń ṣiṣẹ́. Káàdì kejì, tí ROM rẹ̀ (ètò tí wọ́n tẹ̀ mọ́ inú káàdì) wà lórí àdírẹ́ẹ̀sì mẹ́mórì C8000, ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tó dá wà nínú ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ wá kó àwọn méjèèjì sínú kọ̀ǹpútà 386 kan ṣoṣo, BIOS (ètò tó ń jí ẹ̀rọ) sì ṣe bí ẹni pé káàdì kejì kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ yẹ ìwé wọn wò: VGA gba C0000 títí dé C7FFF, èkejì bẹ̀rẹ̀ láti C8000. Kò sí ibi tí ọ̀kan ti tẹ ẹsẹ̀ ìkejì mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń tún ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe ti ju káàdì tó dára nù nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi náà ti ju ọ̀kan nù rí, ó sì ṣì ń dùn mí.

Ẹ̀bi kò sí lára káàdì. Lórí bọ́ọ̀sì ISA (ihò àti wáyà tí káàdì àtijọ́ fi ń bá motherboard, pátákó ńlá inú ẹ̀rọ, sọ̀rọ̀), káàdì tó bá ní bíìtì 16 lòun kì í sọ̀rọ̀ fún ilẹ̀ tirẹ̀ nìkan. Ó ń dáhùn fún KB 128 lódindi, àti ilẹ̀ aládùúgbò rẹ̀ tí kò bá a sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá mọ èyí á yanjú rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á máa pààrọ̀ káàdì títí.

Ohun tí ẹ nílò

- Kọ̀ǹpútà tó ní ihò ISA gígùn: 286, 386, 486 tàbí àwọn Pentium àkọ́kọ́.
- Dísíkì DOS tó ní DEBUG, ètò tó ń fi ohun tó wà nínú mẹ́mórì hàn. Bí ó bá jẹ́ MS-DOS 6, ẹ tẹ F5 nígbà tí "Starting MS-DOS" bá jáde, kí ó má ka CONFIG.SYS àti AUTOEXEC.BAT.
- Ìwé tó ṣàlàyé jọ́ḿpà (ìdè kékeré tí wọ́n fi ń yan bí káàdì ṣe máa ṣiṣẹ́) káàdì kọ̀ọ̀kan. Bí ìwé ti sọnù, ẹ wo ara káàdì; wọ́n sábà máa ń tẹ orúkọ jọ́ḿpà síbẹ̀.
- Bébà àti pẹ́ńsùlù. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń parí fún ẹni tó bá fara balẹ̀.

Ẹ máa pa iná ẹ̀rọ kí ẹ tó yọ káàdì tàbí kí ẹ tó kì í bọ̀ ọ́, kí ẹ sì fọwọ́ kan irin àpótí ẹ̀rọ náà kí ẹ tó di káàdì mú.

Ìpele 1: Ẹ pín mẹ́mórì òkè sí búlọ́ọ̀kù mẹ́ta

Ẹ ya àpótí mẹ́ta sórí bébà, kí ẹ kọ èyí sí wọn lórí:

A0000 sí BFFFF
C0000 sí DFFFF
E0000 sí FFFFF

Búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan jẹ́ KB 128, ìyẹn báìtì 131,072. Ẹ wá kọ gbogbo ohun tó ń gbé inú ẹ̀rọ náà sínú àpótí tirẹ̀: àwòrán VGA ní A0000, ROM VGA ní C0000, ROM káàdì dísíkì, fèrèsé RAM káàdì nẹ́tíwọ̀kì (àyè tí CPU, ọpọlọ ẹ̀rọ, ti ń rí RAM orí káàdì náà), àti BIOS ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ní F0000 sókè.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 128? Káàdì tó fẹ́ kí wọ́n bá òun sọ̀rọ̀ ní bíìtì 16 gbọ́dọ̀ fa wáyà kan tó ń jẹ́ MEMCS16 wálẹ̀ ní kíákíá, kí motherboard tó pinnu bí ìrìn náà (kíkà tàbí kíkọ kan lórí bọ́ọ̀sì) ṣe máa rí. Ní àsìkò yẹn, wáyà àdírẹ́ẹ̀sì tó ti dé ọ̀dọ̀ káàdì ni LA17 sí LA23. SA0 sí SA19 ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. LA17 ló kéré jù nínú àwọn tó ti dé, KB 128 ló sì fi ń yí padà. Ohun tó bá kéré ju ìyẹn lọ kò tíì hàn sí káàdì. Kò lè mọ̀ bóyá C0000 ni wọ́n ń pè tàbí C8000 tàbí DC000. Ohun tó mọ̀ ni pé ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn agbo ilé náà, ó sì dáhùn.

*Ẹ ṣọ́ra:* àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé èèyàn á wo ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin káàdì méjì, á rí i pé wọn kò kan ara wọn, á sì fọkàn balẹ̀. C8000 sí CBFFF àti D0000 sí D3FFF kò kan ara wọn lóòótọ́, àmọ́ búlọ́ọ̀kù kan náà ni wọ́n wà.

*Àyẹ̀wò:* ẹ wo àmì àkọ́kọ́ nínú àdírẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan. A àti B jọ ń gbé, C àti D jọ ń gbé, E àti F jọ ń gbé. Bí ohun kan bá wà nínú àpótí tí kò bá àmì yìí mu, ẹ tún un kọ.

Ìpele 2: Ẹ kọ ìbú mẹ́mórì káàdì kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ díwọ̀n

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ ti kọ, ẹ kọ 8 tàbí 16.

Ibí ni àwọn èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á rí káàdì tó ní ẹsẹ̀ gígùn, tó wọ inú ihò méjèèjì, wọ́n á kọ 16. Ẹsẹ̀ gígùn kò sọ pé mẹ́mórì rẹ̀ jẹ́ bíìtì 16. Ọ̀pọ̀ káàdì dísíkì ló ń fi bíìtì 16 gba dátà ní pọ́ọ̀tù, èyí tí wáyà mìíràn, IOCS16, ń bójú tó, nígbà tí ROM orí wọn jẹ́ bíìtì 8 pátápátá. Ìbéèrè tó yẹ ni: ṣé káàdì yìí ń fa MEMCS16? Ẹ wá ọ̀rọ̀ bíi "16-bit ROM", "16-bit BIOS" tàbí "16-bit memory" lára jọ́ḿpà. Bí káàdì bá ní ẹsẹ̀ kúkúrú nìkan, kò sí àríyànjiyàn, 8 ni, nítorí pé orí ẹsẹ̀ kejì, ní ibi tí wọ́n ń pè ní D1, ni MEMCS16 wà.

*Àyẹ̀wò:* àpótí tó ní 8 nìkan kò léwu. Àpótí tó ní 16 nìkan kò léwu. Àpótí tó bá ní méjèèjì ni ìṣòro yín wà, ẹ fa ìlà pupa sí i lábẹ́.

Ìpele 3: Ẹ mọ ojú ìṣòro náà kí ẹ tó wá a

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ibí yìí. Òun ló máa jẹ́ kí DEBUG bá yín sọ òótọ́ ọ̀rọ̀.

Wáyà dátà 16 ló wà lórí ISA gígùn. SD0 sí SD7 wà lórí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, SD8 sí SD15 wà lórí ẹsẹ̀ kejì. Nígbà tí MEMCS16 bá wálẹ̀, motherboard gbà pé àdírẹ́ẹ̀sì dídọ́gba, ìyẹn èyí tó parí sí 0, 2, 4 títí dé E, máa gba SD0 sí SD7, pé àdírẹ́ẹ̀sì aláìdọ́gba sì máa gba SD8 sí SD15. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fa MEMCS16, motherboard gbà pé bíìtì 8 ni: á pín ọ̀rọ̀ báìtì méjì sí ìrìn méjì, báìtì méjèèjì á gba SD0 sí SD7, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa gbé báìtì aláìdọ́gba lọ sí àyè tí CPU ti ń retí rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ fojú inú wo ROM bíìtì 8 yín ní C8000. CPU ní kó mú báìtì C8001 wá. VGA, tí a ti jẹ́ kó máa fa MEMCS16 fún ROM rẹ̀ ní C0000, rí LA17 sí LA23, ó fa wáyà náà wálẹ̀. Motherboard bá yíjú sí SD8 sí SD15. Káàdì yín, tí kò ní wáyà wọ̀nyẹn rárá, ti gbé báìtì náà kalẹ̀ sórí SD0 sí SD7 tọkàntọkàn. Kò sẹ́ni tó wò ó níbẹ̀. CPU gba FF, tàbí nọ́ńbà tí kò dúró sójú kan.

Nítorí náà, àmì àrùn yìí kì í ṣe pé mẹ́mórì bàjẹ́ kákiri. Báìtì dídọ́gba á tọ̀nà, báìtì aláìdọ́gba á sọnù. Báìtì méjì àkọ́kọ́ tí BIOS fi ń dá ROM mọ̀ ni 55 àti AA. 55 wà ní àdírẹ́ẹ̀sì dídọ́gba, ó yè. AA wà ní aláìdọ́gba, ó lọ. BIOS rí 55 FF, ó ní kò sí ROM níbẹ̀, ó kọjá lọ. Ìdí nìyẹn tí káàdì fi ń pòórá láìsí àmì àṣìṣe kankan.

Ní ti kíkọ sínú RAM, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí CPU bá kọ báìtì méjì pa pọ̀, ìrìn kan ṣoṣo ni motherboard rìn. Káàdì bíìtì 8 gba ìdajì, ìdajì kejì kò sì dé ibì kankan.

Àwọn tó ń kọ ètò máa ń bi mí pé, báìtì méjì tó bẹ̀rẹ̀ ní BFFFF ńkọ́, tí ọ̀kan wà nínú búlọ́ọ̀kù A sí B, tí èkejì bọ́ sínú C sí D? Kò séwu níbẹ̀. BFFFF kò dọ́gba, ọ̀rọ̀ báìtì méjì tó bá sì bẹ̀rẹ̀ ní àdírẹ́ẹ̀sì aláìdọ́gba máa ń di ìrìn méjì nígbà gbogbo, bí káàdì tilẹ̀ jẹ́ 16. Ìrìn àkọ́kọ́ á lọ sí BFFFF, èkejì á lọ sí C0000, wọ́n á sì wo MEMCS16 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí ìrìn kan tó lè tẹ ẹsẹ̀ sínú búlọ́ọ̀kù méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìpele 4: Ẹ pinnu ẹni tó máa yí padà

Fún àpótí tí ẹ fa ìlà pupa sí, ọ̀nà méjì ló wà: kí gbogbo wọn di 8, tàbí kí ọ̀kan kó kúrò. Bí èmi ṣe máa ń tò ó nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ sọ ROM VGA di bíìtì 8 pẹ̀lú jọ́ḿpà rẹ̀. Mo fẹ́ràn èyí ju gbogbo ọ̀nà yòókù lọ, torí ohun tí ẹ pàdánù kéré: motherboard tó bá ní shadow máa da ROM náà kọ sínú RAM tirẹ̀, láti ìgbà náà lọ CPU kò ní kà á láti orí ISA mọ́.

Bí káàdì nẹ́tíwọ̀kì tó ní fèrèsé RAM bíìtì 16 bá wà ní D0000, tí ROM bíìtì 8 kan sì wà ní C8000, ìpinnu náà le díẹ̀, torí iyára wọ̀ ọ́. Bí kò bá sí káàdì tó gùn ún tàbí tó gé e kúrú, ìrìn mẹ́mórì bíìtì 16 gba klọ́ọ̀kù 3, ti bíìtì 8 gba 6. Báìtì méjì ní bíìtì 8 jẹ́ ìrìn méjì, ìyẹn klọ́ọ̀kù 12. Lórí bọ́ọ̀sì MHz 8, èyí jẹ́ nanosekọ́ńdì 375 pẹ̀lú 1,500: ìlọ́po mẹ́rin. Bí ROM yẹn bá jẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ láti nẹ́tíwọ̀kì tí ẹ kì í lò, ẹ pa á pẹ̀lú jọ́ḿpà, kí fèrèsé RAM máa bá 16 rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá nílò ROM náà, ẹ sọ fèrèsé di 8, kí ẹ fara da iyára rẹ̀.

Ẹ lè kó fèrèsé RAM lọ sí E0000 bí motherboard yín kò bá fi BIOS rẹ̀ gba ibẹ̀. Ẹ má kó ROM tí ẹ fẹ́ kí BIOS rí lọ síbẹ̀: ọ̀pọ̀ BIOS kì í wá ROM káàdì kọjá DFFFF.

Búlọ́ọ̀kù A sí B ní ìtàn tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ojú ìwòran méjì, VGA pẹ̀lú káàdì aláwọ̀ kan irú ti MDA tàbí Hercules ní B0000, ń fi káàdì bíìtì 8 sí abẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú àwòrán VGA ní A0000. Níbí, kò sí ibi tí ẹ lè kó ọ̀kankan lọ. VGA gbọ́dọ̀ di bíìtì 8 fún mẹ́mórì àwòrán rẹ̀, yálà pẹ̀lú jọ́ḿpà tàbí kó dá a ṣe fúnra rẹ̀ nígbà tó bá rí káàdì kejì. Àwòrán á falẹ̀. Kò sí ọ̀nà àbùjá.

*Ẹ ṣọ́ra:* ẹ lè gbọ́ ìmọ̀ràn pé kí ẹ lẹ téèpù mọ́ D1 lára káàdì bíìtì 16 kí MEMCS16 má bàa wálẹ̀. Ẹ má ṣe é. Káàdì náà fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé wọ́n ti pa ohùn òun. Ó ṣì máa ń gbé báìtì aláìdọ́gba sórí SD8 sí SD15, nígbà tí motherboard ti ń retí rẹ̀ lórí SD0 sí SD7. Ẹ kàn gbé àrùn láti ara káàdì kan sí ara èkejì ni. Jọ́ḿpà ló mọ bí wọ́n ṣe ń yí káàdì padà láti inú wá.

*Àyẹ̀wò:* ẹ padà sí bébà. Kò gbọ́dọ̀ sí àpótí tó ṣì ní 8 àti 16 pa pọ̀.

Ìpele 5: Ẹ ki káàdì bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ka ROM

Nínú BIOS, ẹ kọ́kọ́ pa gbogbo shadow yàtọ̀ sí ti BIOS ẹ̀rọ. Shadow kì í wo ohun tó ń dà kọ. Bí ohun tó kà láti orí bọ́ọ̀sì bá jẹ́ ìdọ̀tí, ìdọ̀tí náà ló máa tọ́jú fún yín.

Ẹ ki VGA nìkan bọ̀ ọ́, kí ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ tẹ F5, kí ẹ pe DEBUG:

d c000:0 l 20

Ẹ gbọ́dọ̀ rí 55 AA níbẹ̀rẹ̀. Báìtì kẹta ń sọ bí ROM ṣe tóbi, ní ìdì báìtì 512 (nọ́ńbà hex, ìyẹn ìkà oní-16, ni DEBUG ń lò): 40 jẹ́ KB 32, 20 jẹ́ KB 16, 10 jẹ́ KB 8. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà. Ẹ pa iná, ẹ fi káàdì kejì kún un, kí ẹ tún pe DEBUG:

d c800:0 l 20

*Àyẹ̀wò:*
- 55 AA, tí ìyókù kò sì ní ìlànà tó ń tún ara rẹ̀ ṣe: ó ti bọ́ sí i.
- 55 FF, tí gbogbo báìtì aláìdọ́gba sì jẹ́ FF tàbí tó ń yí padà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá kà á: ẹnì kan ṣì ń fa MEMCS16 nínú búlọ́ọ̀kù náà. Ẹ padà sí Ìpele 2, kí ẹ wá ẹni tí ẹ kọ 8 sí tó jẹ́ 16.
- FF láti òkè dé ìsàlẹ̀: káàdì kò sí lórí àdírẹ́ẹ̀sì yìí. Jọ́ḿpà àdírẹ́ẹ̀sì ni kí ẹ wò. Ọ̀rọ̀ ìbú kọ́ nìyí.

Ìpele 6: Ẹ dán fèrèsé RAM wò

Èyí kan káàdì tó ní RAM tí CPU lè kọ sí tààrà. Ẹ rí i dájú pé RAM gan-an ló wà níbẹ̀. Àwọn káàdì kan fi àyè tí wọ́n ti ń gba àṣẹ sí mẹ́mórì, kíkọ síbẹ̀ lójijì lè da káàdì rú. Àwọn mìíràn kì í ṣí fèrèsé wọn títí dráífà (ètò tó ń darí káàdì) á fi dé, nítorí náà FF nìkan níbí kò tíì túmọ̀ sí nǹkan kan.

e d000:0 11 22 33 44
d d000:0 l 4

*Àyẹ̀wò:* 11 22 33 44 ló yẹ kó padà wá. Bí ẹ bá rí 11 àti 33 ní àyè wọn, tí àyè 22 àti 44 sì ti dàrú, ẹ ti mọ ẹni tó ń ṣe é.

Ìpele 7: Shadow àti EMM386, lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti tọ́

Ìgbà yìí ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan shadow fún àwọn ROM. Ẹ má tan án lórí fèrèsé RAM láéláé: CPU á máa ka ẹ̀dà àtijọ́ inú RAM motherboard nígbà tí káàdì ń gba dátà tuntun sí tirẹ̀. Ẹ sì rántí pé shadow lórí C0000 kò pa VGA lẹ́nu mọ́. Bí ẹ bá fi ROM rẹ̀ sílẹ̀ ní 16, ó ṣì ń fa MEMCS16 nígbà tí ẹ bá kan D0000.

Fún EMM386, ètò DOS tó ń fi RAM kún àyè tó ṣófo ní mẹ́mórì òkè, ẹ yọ ilẹ̀ káàdì sílẹ̀. Fún ROM KB 16 ní C8000 àti fèrèsé KB 16 ní D0000, ẹ kọ èyí sínú CONFIG.SYS lẹ́yìn ìlà HIMEM:

DEVICE=C:\DOS\EMM386.EXE NOEMS X=C800-CBFF X=D000-D3FF

Àyè tó kù láàárín wọn, EMM386 lè fi RAM motherboard kún un bó ṣe wù ú. RAM yẹn kò gba orí ISA kọjá, ìjà 8 àti 16 kò kàn án.

*Àyẹ̀wò:* ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ láìtẹ F5, kí ẹ tún gbogbo àṣẹ DEBUG ṣe. Ohun tí ẹ rí tẹ́lẹ̀ náà ni kí ẹ rí.

Ìpele 8: Ẹ tún ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ láìpa iná

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró ní Ìpele 7, ìṣòro á sì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn káàdì nẹ́tíwọ̀kì kan, bíi WD8013, bẹ̀rẹ̀ ní bíìtì 8, dráífà ló ń sọ fèrèsé wọn di 16 nígbà tí iṣẹ́ bá dé. Bí ẹ bá tẹ Ctrl+Alt+Del nígbà tí káàdì ṣì wà ní 16, BIOS á jí, á máa wá ROM kiri, káàdì nẹ́tíwọ̀kì á máa dáhùn fún gbogbo búlọ́ọ̀kù C sí D, ROM bíìtì 8 tó ń bẹ níbẹ̀ á sì pòórá. Dráífà wd ti Linux mọ èyí: nígbà tí wọ́n bá ń pa á, ó máa ń dá fèrèsé padà sí bíìtì 8 kí ẹ̀rọ lè tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kó dráífà yín wọlé, ẹ fi nẹ́tíwọ̀kì gbé fáìlì kan, kí ẹ tẹ Ctrl+Alt+Del. Lẹ́yìn náà, ẹ pa iná pátápátá, kí ẹ tún un tàn.

*Àyẹ̀wò:* káàdì tí ROM rẹ̀ wà ní C8000 gbọ́dọ̀ fi ara hàn nígbà méjèèjì. Bí ó bá hàn lẹ́yìn pípa iná, tí kò hàn lẹ́yìn Ctrl+Alt+Del, dráífà ló fi káàdì sílẹ̀ ní 16; ẹ wá àṣẹ inú rẹ̀ tó ń fi tipátipá mú un wà ní 8, tàbí kí ẹ kó fèrèsé náà kúrò nínú búlọ́ọ̀kù yẹn. Tí méjèèjì bá yege, ẹ ká bébà tó ní àpótí mẹ́ta náà, kí ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí ẹ̀rọ, kí ẹni tó bá máa fi káàdì kún un lẹ́yìn yín rí i kó tó fọwọ́ kan jọ́ḿpà.